Oúnjẹ Ẹni Méjì

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹta

Mo tún ka ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ni àgbò tí a yá wọ ilé àgùntàn wa, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò kí ẹni tó ni ín tó wá mú un lọ. Àádọ́jọ ọjọ́ ni àgùntàn fi ń gbé oyún. Nítorí náà, láti Ọjọ́bọ̀ yìí lọ títí di ọjọ́ kọkànlélógún, kò sí ọjọ́ tí èyíkéyìí nínú àwọn márààrún kò lè bí.

Lọ́dọọdún, kí n kọ ọ́ sínú ìwé kí n sì gbé omi gbígbóná wá ni iṣẹ́ tèmi. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ló ń gbẹ̀bí àwọn àgùntàn, ọdún kẹjọ rèé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ti jábọ́ lórí àkàbà níbi tí wọ́n ti ń kan páànù, ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ṣẹ́ ti wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún wọn nílé ìwòsàn. Ìyẹn já sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin. Nígbà yẹn èyí tó máa bí á ti bí, èyí tó máa kú á ti kú.

"Ọwọ́ tìẹ kéré ju tèmi lọ," ni wọ́n wí láàárọ̀ yìí. "Àwọn àgùntàn ló máa jèrè."

Mo ní mi ò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Alápatà yà wá nítorí àgùntàn wa Àkọ́rà. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ló pè é. Bàbá Ìbejì fẹ́ gbà. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún ìrọbí, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Mo ní rárá. Òun la kọ́kọ́ rà, owó àjọ mi la sì fi rà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú rẹ̀ tóbi ju ti ọdún kọ́dún lọ. Ìbejì ló wà níbẹ̀. Ọmọ méjì àti ìyá wọn yóò ju ẹgbẹ̀rún méjìlélógún lọ lójú ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe ìṣirò. Bàbá Ìbejì ní àwọn ti fọwọ́ tẹ inú rẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, ọ̀kan làwọn bá. Èmi tí mo ru méjì fún oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mọ́kànlá, mo mọ ohun tí mo ń wò.

Alápatà fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé àgùntàn. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹta

Òjò láti àárọ̀. Ibi tí Bàbá Ìbejì kò kàn parí ń jò sórí koríko gbígbẹ. Mo kó ìdì mọ́kànlá lọ sí apá kejì, méjì ti rin. Káfíńtà ní òun á gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo gbé korobá sábẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ààrò rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà wa, tún kó búrẹ́dì kéékèèké tí kò tà wá, mẹ́fà. Mo fún àwọn mẹ́rin yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fún Àkọ́rà ní méjì, nítorí oúnjẹ ẹni méjì ló ń jẹ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àpò èérí àgbàdo kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ààbọ̀. Búrẹ́dì yìí ti gba àpò méjì sílẹ̀ fún wa.

"Búrẹ́dì yẹn ò pọ̀ jù fún un?" ni Bàbá Ìbejì bi mí.

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Mi ò bèèrè iye tó jẹ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹta

Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun bí. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́. Kí n tó sá ìbora kejì tán, abo kan ti wà nílẹ̀, ìyá rẹ̀ ń lá a. Mo fi ayodíìnì sí ìdodo rẹ̀, kò tó ṣíbí kan. Ká ní gbogbo wọn á rí báyìí, mi ò ní í bẹ̀rù ohunkóhun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹta

Bàbá Ìbejì ní bí mo bá dúró dìgbà tí wàhálà bá dé kí n tó kọ́ṣẹ́, ó ti pẹ́. Wọ́n ní kí n di ojú mi, kí n fọwọ́ bá ẹsẹ̀ ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun. Láti pátákò lọ sókè, oríkèé méjì àkọ́kọ́: bí méjèèjì bá ká sí apá kan náà, ẹsẹ̀ iwájú ni. Bí ọ̀kan bá ká síbí tí èkejì ká sódì kejì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹsẹ̀ iwájú méjì pẹ̀lú imú láàárín wọn, ọ̀nà rere nìyẹn. Ohunkóhun mìíràn, kí n má ṣe fà á.

Lẹ́yìn náà wọ́n mú àpò ìrẹsì tó ṣófo, wọ́n ki ṣíbí onígi méjì, bọ́ọ̀lù àwọn ìbejì àtijọ́ àti bàtà mi kan sí i, wọ́n bu omi ọṣẹ sí i, wọ́n fi okùn fún ẹnu rẹ̀ títí ó fi ku ibi tí ọwọ́ mi lè gbà wọlé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìdáná, mo di ojú, ọwọ́ mi wà nínú àpò dé ìgbọ̀nwọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bá wa.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ ń wá nínú àpò yẹn?"

"Orí ni."

Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi wo tèmi náà níbẹ̀. Àárọ̀ ni mo ti ń wá a."

Ní ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo gba mẹ́fà. Ní ìgbà mẹ́wàá kejì, mo gba mẹ́sàn-án. Mi ò gbà tó bẹ́ẹ̀ nílé ìwé rí.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹta

Ìyá Ìjọ, tó máa ń ké ju gbogbo wọn lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní aago méje àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Akọ kan jáde fúnra rẹ̀. Ekejì dúró. Mo fọ ọwọ́, mo fi òróró sí i, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ooru tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo bá ẹsẹ̀ kan tó ká ní orúnkún, mo nà án, ó jáde wá. Abo. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Bàbá Ìbejì dúró lẹ́yìn pákó ní gbogbo àkókò yẹn, wọn ò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Bí mo bá kú báyìí, àwọn àgùntàn ò ní mọ̀."

"Wọ́n á mọ̀," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ń fún wọn ní iyọ̀."

Ọmọ mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ibọ̀wọ́ rọ́bà kò wúlò, ó ń yọ̀. Mo padà kó ìyókù fún oníkẹ́míìsì, ó gbà á tìkanra-tìkanra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹta

Àkọ́rà ń mí kíkankíkan lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dìde. Mo pe dókítà ẹran. Ọmọ àná ni, kò ju àwọn ìbejì mi lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé fóònù. Ó bèèrè ohun tó ń jẹ. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Búrẹ́dì mélòó, mà?"

"Méjì lójúmọ́, láti ogójì ọjọ́."

"Ọgọ́rin nìyẹn."

"Mo mọ ìsọdipúpọ̀, Dókítà. Nítorí ìbejì ni."

"Ta ló sọ pé ìbejì ni?"

"Mo bí ìbejì rí."

"Ẹ̀yin ni, mà. Kì í ṣe àgùntàn."

Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀kan ló wà níbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo náà ni yóò ti jẹ gbogbo ohun tí mo ń kó fún méjì, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn ni ọmọ inú máa ń tóbi jù. Kí n dá búrẹ́dì dúró lónìí. Koríko àti omi nìkan, kí n sì máa mú un rìn.

Mo dá a dúró. Mi ò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ìbejì. Mo kàn ní dókítà ní kí n dín in kù.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹta

Atẹ́gùn. Páànù kan tú. Mo mú Àkọ́rà rìn yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bèèrè ohun tó ṣe fún mi.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹta

Adánìkanjẹ bí akọ kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì padà sídìí oúnjẹ. Ó ku méjì: Àkọ́rà, àti Ọ̀dọ́ tí kò tíì bí rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù kẹta

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú: Àkọ́rà kò wá síbi oúnjẹ. Ó ń fi pátákò wa ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde. Aago mẹ́wàá kọjá ogójì: omi já. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Nígbà tí nǹkan wá yọ, pátákò kan ni, pẹ̀lú imú, ahọ́n sì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pátákò kan ṣoṣo.

Mo fọ ọwọ́ dé òkè ìgbọ̀nwọ́. Àyè tí ọwọ́ mi rí nínú Ìyá Ìjọ, kò rí i níbí. Orí náà kún ibẹ̀ pátápátá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tọ ọrùn lọ dé èjìká, mo bá ẹsẹ̀ iwájú kejì, ó nà sẹ́yìn lábẹ́ ikùn ọmọ bí ọwọ́ ọmọ ogun. Mo tún wá síwájú sí i. Mo ń wá orí kejì. Mo wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ dájú pé orí tábìlì ni òun fi í sí.

"Mélòó?" Bàbá Ìbejì bèèrè.

"Ọ̀kan."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ fóònù, wọ́n gbé e sétí mi. Dókítà wà nídìí màlúù kan lọ́nà jíjìn, kò lè dé kí aago mẹ́rin tó lù. Ó ní iṣẹ́ abẹ á jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, kò sì lè fi Àkọ́rà dá mi lójú pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. "Bí ẹ bá lè mú ẹsẹ̀ yẹn wá, mà, ẹ má dúró dè mí. Bí ẹ ò bá lè mú un wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á."

Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Mo ti yọ méjìlélógún kúrò nínú rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ń ṣe ìṣirò. Mo gbójú sókè, nọ́ńbà alápatà ló wà níwájú mi lára ilẹ̀kùn. Bàbá Ìbejì rí ibi tí mo ń wò.

"Owó àjọ rẹ la fi rà á," ni wọ́n wí. "Ohun tí o bá sọ la máa ṣe."

Mo ní kí wọ́n wá jókòó ti orí rẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé orí Àkọ́rà lé itan, wọ́n fi apá òsì gbá ọrùn rẹ̀ mọ́ra, wọ́n gbé sìmẹ́ǹtì lé èjìká rẹ̀ kó má lè dìde. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

Mo ní láti ti orí ọmọ padà sínú kí àyè tó wà fún ẹsẹ̀. Bí Àkọ́rà bá ń sinmi, mo ń tì í. Bí ìrọbí bá mú un, mo dúró, nítorí agbára rẹ̀ ń tẹ ọrùn ọwọ́ mi mọ́ eegun bí ẹni ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìka mi kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ọwọ́ padà. Mo bá orúnkún, mo fà á síwájú, mo tọ egungun lọ sísàlẹ̀ títí mo fi rí pátákò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó má ya ìyá rẹ̀ nínú, mo tẹ̀ ẹ́ ká díẹ̀díẹ̀. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wá. Nígbà tí pátákò kejì máa fi yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

"Kí lo rí?"

"Ẹsẹ̀ iwájú méjì. Imú láàárín."

"Ó yá. Ìgbà tí ìrọbí bá mú un nìkan. Fà á wá sísàlẹ̀, má fà á gbọọrọ."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti dé nígbà yẹn, mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Ó gbé korobá omi gbígbóná dání, ojú rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mo ní kó fi omi sílẹ̀ kó máa lọ. Ó ní òun ò lọ, ṣùgbọ́n òun ò wò.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo fà. Ní ìkẹjọ, orí jáde, èjìká tẹ̀ lé e, gbogbo ìyókù sì wọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹsẹ̀ mi. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Akọ. Kò mí. Mo nu imú rẹ̀, mo fi koríko tọ́ ihò imú rẹ̀, mo fi àpò gbo ìhà rẹ̀. "Gbé e sókè," Bàbá Ìbejì ní. Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo gbé e, ó wúwo débi pé mo ní láti gun orí pákó. Omi tó ki kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìhà rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Ó tún sọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló sáré lọ gbé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀ wá. Kílò mẹ́fà àti ìdámẹ́rin. Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Funfun kò pé mẹ́rin. "Ẹ gbé e kúrò kó tó tọ̀ sí i," ó ní, "ọ̀la ni mo fẹ́ fi wọn ìyẹ̀fun." Kò tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ náà tọ̀.

A rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Àkọ́rà gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ àga tó ti yẹ̀, ó sì jókòó padà.

Dókítà dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó ní ọmọ náà tóbi, ó ti tẹ iṣan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mọ́ eegun nígbà tó ń kọjá. Agbára ẹsẹ̀ náà lè padà, ó sì lè má padà. Kí n máa yí Àkọ́rà láti ìhà kan sí èkejì ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí bó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹran ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. "Bí kò bá dá dúró ní Ọjọ́rú, mà, ẹ má jẹ́ kó jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún dípò mẹ́fà. Kò dárúkọ búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹta

Ìgbà mẹ́jọ ni mo yí i. Ó wúwo. Ó ń jẹun. Mo fún wàrà rẹ̀, àkọ́kọ́ tó pọ́n tó sì ki, mo fi ìgò fún ọmọ rẹ̀ mu. Ọmọ náà kò fẹ́ ìgò, ìyá rẹ̀ ló ń wá kiri, ó ń fi imú ti ìhà rẹ̀ pé kó dìde. Àkọ́rà ń gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ni mo rí i tó gbìyànjú.

Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀ ibẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n gbá mọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ ju èyí tí wọ́n gbá jáde lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹta

Bàbá Ìbejì ní bí kò bá lè dúró fúnra rẹ̀, ká bá a dúró. Ká so ó rọ̀. Wọ́n ní àwọn nílò aṣọ tó fẹ̀ tó sì lágbára, tí kò ní í gé e lára. A wo àpò, ó le jù. A wo ìbora, ó ti gbó. Mo lọ mú ìró mi tó nípọn, èyí tí mo rà nígbà tí àwọn ìbejì jáde ilé ìwé. Wọ́n wò mí.

"Ìyẹn kẹ̀?"

"Ó fẹ̀, ó sì lágbára."

A gba ìró náà sábẹ́ ikùn rẹ̀ níwájú ọmú, mo fi okùn rírọ̀ so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má ba à yà ju gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. A ju okùn kọjá igi àjà. Èmi ń fà á, Bàbá Ìbejì ń fi èjìká gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ọwọ́ mẹ́ta ni wá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ òsì ẹni tí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tó dókè, pátákò rẹ̀ kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ kí n tó so okùn tán, ó rí ọmú, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹta

Ọ̀dọ́ bí nígbà tí a wà nídìí ìró ní ọ̀sán. Ó fi ọjọ́ méjì kọjá ìṣirò mi, mo sì ti fọkàn sí i pé ó lè má lóyún. Awọ bo ojú ọmọ náà, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti ya á, Ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Abo, kékeré, ohun gbogbo pé lára rẹ̀. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́tàdínlógún lọ sí ibi tí mo dúró sí. Mo wọ̀n ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì sọ ohun tí mo ti ń rò. Ọ̀dọ́ ní wàrà, kò lọ́mọ. Àkọ́rà lọ́mọ, kò lẹ́sẹ̀. Bí a bá fún Ọ̀dọ́ ní ọmọ Àkọ́rà, ọmọ náà á yó, alápatà á sì wá mú ìyá rẹ̀. Ó bára mu. Kò sí ibi tí ìṣirò yẹn kò ti pé.

Mo ní bí a bá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún ní í rí ìdí tó fi máa gbìyànjú. Bàbá Ìbejì mi orí. Mo fún wàrà Ọ̀dọ́ sínú ìgò, mo fi kún èyí tí ọmọ náà ń rí.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹta

Èmi fúnra mi ni mo pe alápatà, ní aago mẹ́jọ. Dókítà ti sọ pé Ọjọ́rú, Ọjọ́rú sì ni. Ó dé ní mẹ́wàá. Ó bá Àkọ́rà nínú ìró aláwọ̀ ewé, ọmọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti ń ránṣọ fún wọn ni?"

"Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀," mo ní.

Mo tú okùn, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìró fi rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ikùn rẹ̀ tí kò gbé nǹkan kan mọ́. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà jáde. Alápatà ń wo ẹnu mi. Ní ìkọkànlá, Àkọ́rà wó sórí koríko.

Alápatà fọwọ́ gbọn itan ṣòkòtò rẹ̀ nù. Ó ní òun á fún wa ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, kò burú fún ẹran tó ti rù. Mo wo Bàbá Ìbejì, wọ́n wo ilẹ̀.

"Mọ́kànlá," mo ní. "Àná, òdo ni."

"Mọ́kànlá kí ni?"

"Ó dúró fún mọ́kànlá. Kì í ṣe òdo mọ́. Ẹ má bínú pé mo dààmú yín wá."

"Ìyá Ìbejì, ẹran ni mo wá rà, mi ò wá ka nǹkan." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi fa okùn kó tó lọ. Ọkùnrin tó lágbára ni. Ó rọrùn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni fa omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹta

Ọjọ́bọ̀: mẹ́rìndínlógún. Ẹtì: mẹ́sàn-án, ó rẹ̀ ẹ́. Òní: mẹ́tàlélógójì.

Káfíńtà kan páànù. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀, lẹ́yìn ìdúnàádúrà.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń retí kí Bàbá Ìbejì sọ pé àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ni. Wọn ò sọ. Nígbà tí a jókòó ti Àkọ́rà ní ọ̀sán, mo sọ ọ́ fúnra mi. Mo sọ iye búrẹ́dì náà, ọgọ́rin, mo sọ ohun tí dókítà sọ lórí fóònù. Mo ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi bọ́ ọmọ yẹn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀.

Wọ́n ń họ sìmẹ́ǹtì wọn pẹ̀lú igi koríko. "Nígbà tí o lóyún," wọ́n ní, "mi ò lówó láti bọ́ ọ bí ẹni méjì. O rántí?"

Mo ní mo rántí.

"Ó hàn lára oúnjẹ tí o ń gbé fún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá ọ jiyàn." Wọ́n ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kí n bá ọ jiyàn, ṣá."

Ọgọ́fà lónìí, láìlo okùn ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kẹrin

Àárọ̀ mọ́, ilẹ̀ gbẹ. A kò so ìró kọ́. A ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn, a sì gbé Àkọ́rà dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń kà bí mo ti ń ṣe láti Ọjọ́rú yẹn. Ní ọgọ́rùn-ún, ó ṣì dúró. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde lọ bá àwọn yòókù. Àkọ́rà na ọrùn. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, ó gbé e, ó gbé èkejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò yára, kò sì dúró. Ó dé ìdí ọgbà, ó tẹ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko.

"Mélòó?" Bàbá Ìbejì bèèrè lẹ́yìn mi.

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé.